Àgbẹ̀ Oníwàrà Kan ní Ọ̀dàn Alberta: Stephan G. Stephansson, 1853–1927



Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ọba, kì í ṣe jagunjagun, kì í sì í ṣe olóṣèlú. Àgbẹ̀ ni. Ó sin màlúù àti àgùntàn ní ọ̀dàn Alberta, ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà, fún ọdún 38, wàrà àwọn màlúù náà ni ó sì fi gbọ́ púpọ̀ nínú bùkátà ilé rẹ̀. Stephan G. Stephansson ni orúkọ rẹ̀. Akéwì ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lóde òní mọ̀ ọ́n sí. Ní Íslándì, níbi tí a ti bí i, wọ́n kà á mọ́ àwọn akéwì tí ó ta yọ ní èdè wọn. N kò ní jiyàn lórí èyí. Ṣùgbọ́n òpìtàn ni mí, mo sì fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibùso màlúù kí a tó dé orí ewì.

Èrò méjì ni ó wọ́pọ̀ nípa ọkùnrin yìí. Èkíní ni pé àánú rẹ̀ ṣeni, pé iṣẹ́ oko ni kò jẹ́ kí ó di ohun tí ì bá dà. Èkejì ni pé akọni ni, ẹni tí ó dá nìkan dojú kọ aginjù àti òtútù tí ó sì borí wọn. N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìgbà mẹ́ta ni Stephansson tẹ oko tuntun dó láàárín ọdún 16. Kò tẹ ẹ̀kẹrin. Kì í ṣe agbára apá rẹ̀ nìkan ni ó dá a dúró, kì í sì í ṣe ilẹ̀ tí ìjọba fún un, nítorí pé ìjọba ti fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ tí wọ́n sì sá kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀rá wàrà ni ó dá a dúró, àti ẹgbẹ́ tí òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ dá sílẹ̀ láti máa tà á.

Ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1853 ni a bí i ní Kirkjuhóll, ní agbègbè Skagafjörður ní àríwá Íslándì. Orúkọ tí a ń pè é nílé ni Stefán Guðmundsson, èyí tí ó túmọ̀ sí Stefán ọmọ Guðmundur, nítorí pé orúkọ baba ẹni ni àwọn ará Íslándì ń jẹ́ mọ́ tiwọn. Amẹ́ríkà ni ó ti di Stephansson. Àwọn ènìyàn tí ó wà ní gbogbo erékùṣù náà nígbà náà kò ju nǹkan bí 70,000 lọ. Òtútù kì í jẹ́ kí àlìkámà ṣe dáadáa níbẹ̀, nítorí náà ẹran ọ̀sìn ni ọrọ̀ àgbẹ̀, koríko sì ni ohun tí ó ń kórè. Ẹni tí kò bá gé koríko tó, kí ó sá a, kí ó sì kó o jọ ní ìgbà ooru tí kò pẹ́ yìí, ojú rẹ̀ ni ẹran rẹ̀ yóò ṣe máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìgbà òtútù. Ìmọ̀ yìí ni mo kà sí ohun tí ó wúlò jù lọ nínú gbogbo ẹrù tí ìdílé yìí gbé sọdá òkun.

Guðmundur Stefánsson àti Guðbjörg Hannesdóttir, àwọn òbí rẹ̀, jẹ́ tálákà tí ń ṣí láti oko kan dé òmíràn. Kò sí owó ilé-ìwé. Ìwé wà nínú ilé, síbẹ̀, nítorí àṣà kan tí wọ́n ń pè ní kvöldvaka: ní alẹ́ ìgbà òtútù, bí gbogbo ará ilé bá ti jókòó ti òwú àgùntàn tí wọ́n ń ran, ẹnì kan yóò máa ka ìtàn àtijọ́ tàbí ewì sókè fún wọn. Níbẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́ èdè rẹ̀ jinlẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ọjọ́ kan, nígbà tí òun wà ní kékeré, òun rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta lórí ẹṣin tí wọ́n ń kọjá lọ sí ilé-ìwé ní gúúsù. Ó sá lọ sí kòtò kan ní pápá, ó sì sunkún níbẹ̀ títí ìyá rẹ̀ fi rí i.

Ní ọdún 1873 gbogbo ìdílé náà kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 19 ni ó jẹ́. Ní Wisconsin ó ṣe alágbàṣe lóko àwọn ará Nọ́wè, ó ṣiṣẹ́ ní ojú ọ̀nà reluwé àti ní ibùdó àwọn agégẹdú. Ìpínlẹ̀ Shawano ni ó ti kọ́kọ́ gba ilẹ̀ tirẹ̀, igbó dídí ni ilẹ̀ náà sì jẹ́, tí ó jẹ́ pé kùkùté ni àgbẹ̀ ń bá jà kí ó tó bá èpò jà. Ní ọdún 1878 ó fẹ́ Helga Sigríður Jónsdóttir, tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀. Ní 1880 wọ́n ṣí lọ sí Gardar ní Dakota, níbi tí àwọn ará Íslándì pọ̀ sí. Níbẹ̀ ni ọmọkùnrin wọn kan ti kú ní kékeré. Ohun méjì ni ó lé wọn kúrò níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ọ̀dá àti gbèsè, nítorí pé àlìkámà ni gbogbo ènìyàn gbé ara lé, bí òjò bá sì kọ̀, kò sí ohun mìíràn tí ó lè tà. Èkejì ni ìjà ẹ̀sìn. Ní 1888 òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àṣà àti ìmọ̀ kan sílẹ̀ tí kò gba àṣẹ ìjọ, èyí sì bí àwọn aṣáájú ìjọ Luther nínú. N kò rò pé ìjà yìí nìkan ì bá lé e lọ. Ẹni tí ó ní oúnjẹ nínú àká lè fara da ìwàásù tí a fi ń bú u.

Báyìí ni ó ṣe di pé ní ọdún 1889, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 35, tí ó ní ìyàwó, ọmọ àti ìyá tí ó ti dàgbà, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Íslándì mélòó kan láti Dakota ti ṣáájú rẹ̀ lọ sí Alberta ní 1888. Ọkọ̀ ojú irin ni ó gbé wọn dé Calgary. Láti ibẹ̀, ẹran ni ó fa ẹrù wọn lọ sí àríwá, wọ́n sọdá odò Red Deer, wọ́n sì tẹ̀dó sí itòsí odò mìíràn tí wọ́n ń pè ní Medicine. Òfin ilẹ̀ tí Kánádà ṣe ní 1872 ni ó fún wọn láǹfààní. Ẹni tí ó bá san 10 dọ́là yóò gba 160 éékà, bí ó bá gbé orí rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tí ó sì ro iye kan nínú rẹ̀, ilẹ̀ náà di tirẹ̀.

Ilẹ̀ ọ̀fẹ́ ni ìwé ìtàn àwọn olùtẹ̀dó máa ń pè é, mo sì fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àwa náà mọ̀ pé kò sí ilẹ̀ tí kò ní baba. Ilẹ̀ yìí wà ní ibi tí ilẹ̀ Àdéhùn Kẹfà ti 1876 àti Àdéhùn Keje ti 1877 ti pàdé. Àwọn Cree, àwọn Siksika, àwọn Stoney Nakoda, àwọn Tsuut'ina àti àwọn mìíràn ni ó ti ń gbé agbègbè náà, tí wọ́n ń dọdẹ ẹfọ̀n. Ní nǹkan bí 1880, wọ́n ti pa ẹfọ̀n run tán ní ọ̀dàn Kánádà, ebi sì ti lé àwọn onílẹ̀ wọ inú àwọn àgbègbè kéékèèké tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún wọn. Ọdún 12 péré ni ó wà láàárín Àdéhùn Keje àti ìgbà tí Stephansson dé. Koríko tí ó bá níbẹ̀, tí ó ga tí ó sì tutù yọ̀yọ̀, tí kò sí ẹran tí ń jẹ ẹ́, koríko ẹfọ̀n ni. Olùtẹ̀dó náà kọ́ ni ó lé onílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n orí àga tí a ti lé ẹlòmíràn kúrò ni ó jókòó lé.

Kí ni ènìyàn lè gbìn níbẹ̀? Òtútù máa ń tètè dé, kì í sì í pẹ́ kí yìnyín tó ba irúgbìn jẹ́. Ọ̀nà sí ọjà jìn. Ọdún 1890 sí 1891 ni wọ́n ṣe ọ̀nà reluwé láti Calgary sí ìhà Edmonton, síbẹ̀ ọ̀nà tí ó ti ibùdókọ̀ dé oko wọn kì í ṣe ọ̀nà gidi. Àpò ọkà wúwo, owó rẹ̀ sì kéré. Màlúù nìkan ni ó bá ilẹ̀ náà mu, àwọn ará Íslándì sì mọ ìtọ́jú màlúù.

Àwa Yorùbá kì í ṣe darandaran, ọwọ́ àwọn Fúlàní ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ wàrà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí òwò yìí ṣe rí. Bí a bá fún wàrà tí a gbé e sí ibi tútù, ọ̀rá inú rẹ̀ yóò léfòó. A ó gbọ́n ọ̀rá yìí, a ó máa rò ó, a ó máa rò ó, títí yóò fi dì, òun ni bọ́tà. Wàrà tí ó wọn 100 pọ́n-ùn kì í mú ju bọ́tà pọ́n-ùn 4 tàbí 5 wá. Àǹfààní rẹ̀ gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ koríko púpọ̀, iṣẹ́ màlúù púpọ̀, gbogbo rẹ̀ ti súnkì sínú ẹrù kékeré kan tí ó níye lórí, tí ẹṣin lè fà kọjá nínú ẹrẹ̀. Ẹni tí ó jìnnà sí ọjà, irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni ó lè tà kí ó rí èrè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ilé ni obìnrin kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe bọ́tà tirẹ̀. Wọn a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, oníṣọ́ọ̀bù kò sì ní fún wọn lówó. Yóò kọ ọ́ sínú ìwé, wọn yóò fi gba ṣúgà, iyọ̀ àti aṣọ. Owó tí ó bá dá lé e kéré, nítorí pé bọ́tà ilé yìí dára, ti ilé kejì ti kan, inú àgbá kan náà ni oníṣọ́ọ̀bù sì ń da gbogbo rẹ̀ sí. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ rere ń jìyà ẹni tí ó ṣe búburú. Kò sí bí ìdílé kan ṣoṣo ṣe lè fi òógùn ojú rẹ̀ yanjú irú ìṣòro yìí, bí ó ti wù kí wọ́n le tó.

Ní 1899 ni àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà, tí Stephansson wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀ fún ṣíṣe bọ́tà àti wàràkàṣì. Wọ́n fi orúkọ Tindastoll pè é, ìyẹn orúkọ òkè kan ní Skagafjörður, tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní fojú rí mọ́. Ètò kan wà lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ Kánádà nígbà náà fún ìhà ìwọ̀-oòrùn: kí àwọn àgbẹ̀ ṣe ilé, kí wọ́n sì ṣèlérí wàrà màlúù iye kan, kí ìjọba yá wọn ní owó ẹ̀rọ, kí ó wá bá wọn ṣe àbójútó iṣẹ́, kí ó sì bá wọn wá ọjà, títí dé ìpínlẹ̀ British Columbia, níbi tí àwọn awakùsà ti ń ra bọ́tà. Ìjọba a máa san díẹ̀ sílẹ̀ fún àgbẹ̀, yóò sì san ìyókù nígbà tí ó bá ti yọ owó iṣẹ́ àti owó ẹ̀yáwó kúrò. Ọmọ Dẹ́ńmáàkì kan, C. P. Marker, wà nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ètò náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ abúlé náà ní Markerville. Ọmọ Dẹ́ńmáàkì ni Dan Morkeberg pẹ̀lú, ẹni tí ó ń ṣe bọ́tà náà. Àwọn tí ó mọ ìtàn Íslándì yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbí: láti 1602 dé 1787, àwọn oníṣòwò Dẹ́ńmáàkì nìkan ni òfin gbà láyè láti bá Íslándì ra ọjà kí wọ́n sì tà fún wọn, ìkórò rẹ̀ kò sì tíì tán lẹ́nu àwọn àgbà. Ní ọ̀dàn Alberta, lọ́wọ́ ọmọ Dẹ́ńmáàkì ni wọ́n fi ọ̀rá màlúù wọn sí.

Ohun tí ó jẹ́ kí wọ́n lè fọkàn tán an, tí wọ́n sì lè fọkàn tán ara wọn, ni ọgbọ́n kan tí Stephen Babcock ti Yunifásítì Wisconsin gbé jáde ní 1890. Ó fi hàn bí a ṣe lè bu wàrà díẹ̀ sínú ìgò, kí a da ásíìdì mọ́ ọn, kí a fi ẹ̀rọ yí i, kí a sì rí iye ọ̀rá tí ó wà nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣáájú èyí, ìwọ̀n wàrà ni wọ́n fi ń sanwó, ẹni tí ó bá sì bu omi mọ́ tirẹ̀ ni ó ń jèrè jù. Láti ìgbà náà wá, ọ̀rá ni wọ́n ń sanwó fún, omi kò lówó lórí mọ́. Mo gbà pé ohun tí ó tọ́ sí ìgò kékeré yẹn nínú ìtàn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ju èyí tí àwọn òpìtàn ti fún un lọ.

Báyìí ni owó gidi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé Stephansson, owó tí kò pọ̀ ṣùgbọ́n tí kò dúró de ìkórè, tí òjò tàbí yìnyín ọjọ́ kan kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ilé onígi tí ó kọ́ nígbà tí ó dé ni ó ń fi yàrá kún díẹ̀díẹ̀, ó sì ya ọ̀kan nínú wọn sọ́tọ̀ fún ìwé rẹ̀. Kò ṣí kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Ṣùgbọ́n màlúù tí ń fún ni lówó ń so ẹni mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni a gbọ́dọ̀ fún wàrà rẹ̀, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, kò sí ọjọ́ ìsinmi, kò sí ti àìsàn, òtútù ibẹ̀ sì lè sọ omi di òkúta nínú korobá láàárín kànga àti ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fún un. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti Stephansson nìkan, ó sì dùn mí pé nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí a kọ nípa rẹ̀, ojú ìwé díẹ̀ ni Helga ní. Ọmọ mẹ́jọ ni ó bí. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ ni ó ń fún wàrà nígbà tí ọkùnrin bá lọ ṣe agbaṣe láti wá owó. Àwọn obìnrin ni ó ń ṣe bọ́tà ilé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ dé, owó rẹ̀ kúrò ní ìdí obìnrin ó sì bọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, níbi tí ó jẹ́ pé orúkọ ọkùnrin ni ó sábà máa ń wà. Èrè ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo ẹni tí ó wà nínú ilé.

Ní òru, lẹ́yìn tí a bá ti fún wàrà ìrọ̀lẹ́ tán tí gbogbo ilé bá sì ti sùn, ni Stephansson ń kọ̀wé. Àìsùn ń bá a jà. Kò lè sùn dáadáa, ó sì sọ àìsùn náà di ọjọ́ iṣẹ́ kejì. Àkọlé tí ó fún ewì rẹ̀ ni Andvökur, èyí tí a lè túmọ̀ sí Àìsùn. Ọ̀rọ̀ tiwa sàn níbí ju ti ọ̀pọ̀ èdè lọ, nítorí pé àìsùn lédè Yorùbá kì í ṣe àrùn nìkan. A ń ṣe àìsùn, a ń mọ̀ọ́mọ̀ jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́ nítorí ẹni tí a kò fẹ́ gbàgbé. Ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú Andvökur jáde ní 1909 àti 1910, ìkẹrin àti ìkarùn-ún ní 1923, ìkẹfà ní 1938 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn lẹ́tà àti àròkọ rẹ̀, tí wọ́n kó jọ láàárín 1938 àti 1948, kún ìwé mẹ́rin. Ẹni tí kò lọ ilé-ìwé rí ni mo ń sọ o.

Èdè Íslándì ni ó fi kọ gbogbo ewì wọ̀nyí. Àwọn ìwé ìròyìn tí wọ́n ń tẹ̀ ní èdè náà ní Winnipeg, Heimskringla àti Lögberg, ni ó gbé púpọ̀ nínú wọn jáde. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n ní ọkùnrin kúkúrú tí ń gbé wàrà wá. Ọdún 1936, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí ó kú, ni ọ̀mọ̀wé Watson Kirkconnell kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ní Toronto pé òun ni ó ṣíwájú nínú àwọn akéwì Kánádà. Kí a má sì rò pé ó kórìíra Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà lára àwọn tí ó dá ilé-ìwé Hola sílẹ̀ ní 1892, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Ó mọ ohun tí èyí yóò ṣe sí èdè tí òun fi ń kọ̀wé, ó sì ṣe é, nítorí pé ọmọ àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ ilé-ìwé.

Nínú oṣù keje ọdún 1909, àrá pa Gestur, ọmọkùnrin rẹ̀ tí kò tíì pé ogún ọdún. Wáyà ọgbà oko ni ó gbé iná àrá náà dé ara rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Andvökur bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Stephansson kọ ewì arò fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ gẹ́gẹ́ bí òpìtàn ni pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹnì kan ní láti fún wàrà. Màlúù kì í ṣọ̀fọ̀.

Ní 1917 àwọn ẹgbẹ́ ní Íslándì pè é wálé, wọ́n sì san owó ìrìn-àjò rẹ̀. Ọdún 44 ti kọjá tí ó ti kúrò. Wọ́n gbà á bí ẹni gba ọba láti ìlú dé ìlú, lẹ́yìn náà ó padà sí ìdí màlúù rẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ó sì kórìíra ogun náà tọkàntọkàn. Nígbà tí ó kó àwọn ewì tí ó fi bu ẹnu àtẹ́ lù ú jọ sínú ìwé Vígslóði ní 1920, inú bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Íslándì tí ó wà ní Kánádà, tí ọmọ tiwọn ti kú sójú ogun, wọ́n sì pè é ní ọ̀dàlẹ̀ sí ilẹ̀ tí ó gbà á. Níhìn-ín pẹ̀lú mo rí ọwọ́ màlúù. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń ti ọwọ́ ìjọba, ìjọ tàbí oníwèé ìròyìn wá ì bá ti ronú lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹni tí ó lè lé Stephansson kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé iye ọ̀rá tí ó wà nínú ìgò ni ilé-iṣẹ́ bọ́tà ń sanwó fún, kì í béèrè ohun tí ẹni tí ó gbé e wá kọ ní òru àná.

Ó kú ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1927. Ìjọba Alberta ti tún ilé rẹ̀ ṣe, ó sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Ilé-iṣẹ́ bọ́tà Markerville ṣiṣẹ́ títí di 1972, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá inú ìlú ti gba òwò lọ́wọ́ irú rẹ̀ káàkiri ọ̀dàn náà, ọdún 73 lẹ́yìn tí àwọn àgbẹ̀ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.